Ewúrẹ́ Tó Jẹ Fìlà Alága

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹnikẹ́ni bá ní omi lẹ́nu nínú yín, kó gbé e mì ná. N kò fẹ́ kí ẹ tu omi sí ẹni ẹlẹ́ni lára nígbà tí a bá dé ibi tí tòlótòló ti gorí ẹ̀yìn Alága.

Bí èèyàn bá yà kúrò lójú títì márosẹ̀ ní Mowe, tó gba iwájú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó wà níbẹ̀ kọjá, yóò dé àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Ìtẹ́lọ́rùn. Ìtẹ́lọ́rùn wà lára pátákó ẹnu géètì. Kò sí lára ẹni tó gbé pátákó náà síbẹ̀. Ládélé Ọ̀ṣínọ́wò lorúkọ ẹni náà, òun ni Alága Ẹgbẹ́ Onílé àti Ayálégbé. Kó tó fẹ̀yìn tì, kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí iléeṣẹ́ kan ló ń tọ́jú l'Ékòó. Bí ẹni tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣe wá ń rìn bí ẹni tó ni ilẹ̀kùn, tó ni ilé, tó tún ni ilẹ̀ tí ilé dúró lé, èmi ò lè sọ.

Bí Alága bá ti wọ ibi ìpàdé, Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Ìníolúwa, á fò dìde.

"Òpómúléró Ìtẹ́lọ́rùn!"

"Kò ní wó!" gbogbo ilé á dáhùn.

"Jẹnẹrétọ̀ wa!"

"Kì í kú!"

"Ẹni tó bá ní kó kú ńkọ́?"

"Epo tirẹ̀ á jò dànù!"

Lẹ́yìn èyí ni Alága á tó jókòó. Á sì tún dìde lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ó máa ń rò pé àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí bí òun ṣe jókòó dáadáa.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹran ọjà ti wọ́n débi pé èèyàn á gé e sọ́bẹ̀ tán, á tún máa fi ṣíbí wá a kiri. Làwọn ará Ìtẹ́lọ́rùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sin nǹkan jẹ́jẹ́. Kálukú wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó wo ohun tí ilé rẹ̀ ń dà nù, ó sì mú ẹran tó bá a mu. Rosemary, nọ́ọ̀sì tó kọ́lé sétí àbàtà, ń sin pẹ́pẹ́yẹ. Mùízz fọkanáísà, tó háyà yàrá kan ṣoṣo, ń sin ehoro nínú àgò tó fi pákó kàn. Bàṣírátù, ìyá àgbà tó ń yan gàrí, tí wọ́n tún ń pè ní Ìyá Hanifah, ní èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń sá sóòrùn lójoojúmọ́, ó sì ní ewúrẹ́ kan tó ń bá a jẹ ẹ́. Wọn ò ṣèpàdé, wọn ò yan ìgbìmọ̀, nǹkan sì ń lọ geere.

Nígbà tí ìròyìn yìí dé etí Alága, orí rẹ̀ gbóná. Ohun rere kan ń ṣẹlẹ̀ ní Ìtẹ́lọ́rùn, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ òun!

"Akọ̀wé," ó ní, "ta ló fún àwọn èèyàn wọ̀nyí láyè láti máa bọ́ ara wọn?"

"Kò sí o, sà! Wọ́n kàn ń jẹun ṣáá ni, sà!"

"Rúdurùdu nìyẹn. A máa yan ẹran kan ṣoṣo fún gbogbo àdúgbò. Ẹran tó níyì. Ẹran tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí i, wọ́n á béèrè pé ta ni Alága ibẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ṣe Àyẹ̀wò Ẹran ní pápá ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Alága jókòó sábẹ́ agboòrùn, Akọ̀wé dúró tì í, àwọn ẹran sì tò sórí ìlà bí ẹni tó ń wáṣẹ́.

Pẹ́pẹ́yẹ Rosemary ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Alága wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Báwo lèyí ṣe ń rìn báyìí? Ẹni tí kò mọ ìrìn rìn, ṣé òun la fẹ́ kó ṣojú wa?"

"Sà, ẹ̀yìn ilé mi lómi," Rosemary wí. "Pẹ́pẹ́yẹ ló lè gbébẹ̀."

"Kọ ọ́ sílẹ̀, Akọ̀wé. Ìrìn kò pé."

"Ìrìn kò pé, sà!"

Wọ́n gbé ehoro Mùízz dé. Ẹ̀yin náà mọ bí ehoro ṣe ń ṣe imú. Alága ta gìrì.

"Ó ń yínmú sí mi!"

"Bó ṣe ń mí nìyẹn, Bàbá," Mùízz ní. "Ẹ má bínú, gbogbo èèyàn ló ń ṣe é sí."

"Ó yínmú sí Alága. Kọ ọ́ sílẹ̀!"

Wọ́n gbé ìgbín wá, Alága ní ìdàgbàsókè làwọn ń wá, èyí ń fàyà wọ́lẹ̀. Ó wá kan ewúrẹ́ Bàṣírátù. Ewúrẹ́ náà wo Alága látòkè délẹ̀, ó ké mẹ̀ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yí ìdí sí i, ó sì ṣe ohun tí ewúrẹ́ máa ń ṣe bí wọ́n bá yí ìdí síni. Kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbá ilẹ̀ lọ́wọ́ ni Àbúbákr, ẹni tó ń ta tòlótòló ní Ibafo, gba ibẹ̀ kọjá. Akọ tòlótòló kan wà nínú agbọ̀n tó so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀. Nígbà tí tòlótòló yìí rí èrò, ó bọ́ọ́lẹ̀, ó fẹ ìyẹ́, ó fẹ ìrù, orí rẹ̀ pọ́n, ó tún dà bí aró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan níwájú gbogbo wọn. Alága dìde lórí àga bí ẹni tó pàdé àbúrò rẹ̀ tó ti sọnù.

"Ta nìyí?" ó béèrè.

"Kólókólókóló!" tòlótòló dáhùn.

"Ẹ gbọ́! Mo bi í, ó dáhùn! Ẹ wo ọlá! Ẹ wo àyà!"

Inú Ìníolúwa dùn débi pé ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. "Sà, ó jọ yín!"

Gbogbo pápá yíjú sí Alága. Ìníolúwa fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Alága bá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Mo ti ń rò ó lọ́kàn mi láti ìgbà tó ti fẹ ìrù."

Àbúbákr sọ fún un pé kó fi abo díẹ̀ sí i, pé akọ kì í yé ẹyin. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọwọ́ mọ̀ nìyí. Ṣùgbọ́n Alága wo abo tòlótòló, kò rí ibi tó ti fẹ̀.

"Èyí ò mọ ara á fẹ̀," ó ní. "Akọ ni kó o kó wá, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Kí ọlá kọ́kọ́ dé ná, ẹyin á tẹ̀ lé e."

"Ẹyin á tẹ̀ lé e, sà!"

Ọlá dé lóòótọ́. Ìjà ló tẹ̀ lé e. Akọ ilé yìí ń bá akọ ilé kejì jà lórí ògiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n ń lé àwọn oníbàárà Mùízz sá pẹ̀lú táyà wọn, wọ́n sì ń jẹ àgbàdo bí ẹni tí wọ́n dá lóyè. Ilé tó yẹ kó máa bọ́ ara rẹ̀ di ilé tó ń bọ́ tòlótòló. Alága kò tíì ṣe tán o. Ó ṣòfin pé gbogbo ẹran yòókù gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní Ìtẹ́lọ́rùn kó tó di Ọjọ́ Ìwúyè, ọjọ́ tí òun máa jẹ oyè Baba Ọ̀sìn Àkọ́kọ́, tí àlejò kan láti ọ́fíìsì àgbẹ̀ yóò sì wá wò wọ́n. Mùízz ti àwọn ehoro rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Rosemary kó pẹ́pẹ́yẹ sí balùwẹ̀. Bí wọ́n bá ti ké, òun náà á wúkọ́ kíkankíkan. Ìníolúwa tilẹ̀ bá a tọrọ oògùn ikọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, òun tó jẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ti ewúrẹ́ Bàṣírátù ló ṣòro ó fi pa mọ́, torí oyún ti gbó nínú rẹ̀, kò sì lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá láìfara gbún nǹkan.

Kí oyè Alága lè dùn, wọ́n tẹ pósítà. Àwòrán rẹ̀ gbàràmù, fìlà abetí ajá lórí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri àdúgbò, títí kan ògiri Bàṣírátù tí wọn ò tọrọ. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ wá gbọ́ mi: ewúrẹ́ tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ló ń jẹ látìgbà tí wọ́n ti bí i, ẹ gbé ẹ̀gẹ́ fún un lára ògiri ilé ara rẹ̀, ẹ wá ní kó máa wò ó lójú lásán?

Láti orí fìlà ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ìníolúwa fi dé, fìlà ti lọ, iwájú orí ti lọ, ojú méjèèjì ti lọ. Ẹnu Alága nìkan ló ṣẹ́ kù lára ògiri, kò sì pa dé.

Wọ́n dá ewúrẹ́ náà lẹ́jọ́ níwájú ilé Alága. Wọ́n so ó mọ́ ìdí máńgòrò. Lukman alápatà wà níbẹ̀, torí Alága ti ránṣẹ́ sí i kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ ọ̀daràn," Alága ní, "kí lo rí wí?"

Ewúrẹ́ ń jẹ àpọ̀jẹ.

"Ẹ rí i? Ó tún ń jẹ mí lọ níwájú mi!"

Bàṣírátù bọ́ síwájú. Ó dàgbà ju Alága lọ, ṣùgbọ́n nítorí ewúrẹ́ yìí, ó kúnlẹ̀. "Alága, ẹ fiyè dénú. Ewúrẹ́ yìí kì í ṣe tèmi. Àgbàsìn ni. Ẹni tó ni ín gan-an ni..."

"N ò béèrè ẹni tó ni ín!"

"Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni, torí ẹni náà..."

"Ìyá Hanifah, ẹ dákẹ́! Kódà kó jẹ́ ìyá tó bí mi lọ́mọ ló ni ín, Lukman á dúńbú rẹ̀ lọ́jọ́ ìwúyè, a ó sì fi se ọbẹ̀ ata fún àlejò!"

"Ẹ wí i kó yé wọn, sà!" Ìníolúwa kígbe.

Lukman họ orí. "Alága, ikùn ewúrẹ́ yìí mà tóbi o."

"Àwòrán mi ló wà níbẹ̀! Ṣé o fẹ́ tàpá sí àṣẹ ni, àbí o ò fẹ́ pàtẹ ẹran lẹ́nu géètì mọ́?"

Lukman sún sẹ́yìn. Ó lọ́mọ, ẹnu géètì yẹn ló sì ti ń bọ́ wọn.

Bàṣírátù wo Alága. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, Alága?"

"Èmi ni mo sọ ọ́."

"Ó dáa. Gbogbo wa la gbọ́."

Ẹyin lohùn o, ẹ̀yin èèyàn. Bó bá balẹ̀ kì í ṣe é kó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí ìyá yìí sọ. Nígbà tí Ládélé ń kọ́lé ní Ìtẹ́lọ́rùn, ìyá rẹ̀ wá láti Ìfọ̀ láti máa bá a ṣọ́ àwọn bíríkìlà. Ọ̀dọ̀ Bàṣírátù ló ń sùn, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Ọjọ́ tí Màmá ń padà sílé, ó fa abo ewúrẹ́ kan lé e lọ́wọ́ ní àgbàsìn. Ẹ ò ní ṣàìmọ àgbàsìn: mo ni ẹran, ìwọ ń sìn ín, bó bá bí, àkọ́bí tìẹ, èkejì tèmi, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa pín in lọ. Ọmọ-ọmọ ewúrẹ́ yẹn lèyí tí wọ́n so mọ́ ìdí máńgòrò. Ládélé kò mọ̀, torí kì í béèrè nípa ohunkóhun tí kò dé fìlà. Àgbàsìn sì ní òfin tirẹ̀: ẹni tó ń sìn ín kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹran kú kí ẹni tó ni ín má gbọ́. Ni Bàṣírátù bá gbé fóònù, ó pe Ìfọ̀. Ó sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, torí ẹran tó ń dúró tì í nídìí ààrò gàrí láràárọ̀ ni, ó fẹ́ràn rẹ̀.

Màmá gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ọjọ́ wo ni ìwúyè ọ̀hún?" Ládélé kò pè é síbẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ìyá òun bá dé, "Ládé" ni yóò máa pe òun lójú gbogbo èèyàn.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta kánópì. Àlejò láti ọ́fíìsì àgbẹ̀ dé, obìnrin oníwà tútù kan tó wọ bàtà rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń wọ ẹrẹ̀, ẹni tó rò pé oko lòun ń bọ̀. Wọ́n to àwọn akọ tòlótòló sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ńlá. Ewúrẹ́ wà ní ìdí máńgòrò lẹ́yìn wọn, Lukman sì dúró tì í pẹ̀lú ọ̀bẹ àti ojú tó rẹ̀wẹ̀sì. Alága ti pàṣẹ pé tí òun bá ti sọ̀rọ̀ òun tán ni kí wọ́n pa á, kó lè kọ́kọ́ gbọ́ ọgbọ́n kó tó kú.

Bàṣírátù wo fóònù rẹ̀. Màmá ti kúrò ní Ìfọ̀, ó ti gba Sango, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Berger. Ọ̀nà ṣì jìn. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí ìyá yìí lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn àga kọjá, ó ń sọ̀rọ̀ sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ bá mi yìn ín. Bó bá ti fẹ́ parí, ẹ bá mi yìn ín."

Alága gba máìkì. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀!"

Àtẹ́wọ́ bú jáde. Àtẹ́wọ́ yẹn pọ̀ débi pé òun gan-an wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló wọlé.

"Kí ni Ìtẹ́lọ́rùn kí n tó dé? Koríko! Kí ni Ìtẹ́lọ́rùn lónìí?"

"Kólókólókóló!" gbogbo tòlótòló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ gbọ́ wọn! Ta ló ronú jinlẹ̀ bí èmi?"

"Kólókólókóló!"

Àlejò fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Ó ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, abo wọn dà?"

"Àlejò wa ọ̀wọ́n, à ń bọ̀ lórí abo." Kò bọ̀ lórí rẹ̀. Ó sọ ti ìran tó rí lójú àlá. Ó sọ ti gọ́tà tó fẹ́ gbẹ́, èyí tó jẹ́ pé bí ìlérí náà ṣe ń jìn sí i, gọ́tà ń dí sí i. Oòrùn kọjá lórí kánópì. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ní ìparí..."

Rosemary fò dìde. "Rárá o, Alága! Ẹ ò tíì sọ ti géètì fún wa!"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Géètì!" Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ní àkótán..."

"Ẹ tún ti àlá yẹn sọ, sà!" Mùízz kígbe. "Ibi tí áńgẹ́lì ti bọ̀ yín lọ́wọ́ ò yé mi dáadáa!"

Ìníolúwa tí kò mọ ohun tó ń lọ ń sunkún ayọ̀ lábẹ́ tábìlì. Láti ìgbà tó ti ń yin Alága, kò tíì rí ọjọ́ tí èèyàn bá a gbé ẹrù náà bẹ́ẹ̀.

Bàṣírátù tún wo fóònù: Màmá ti kọjá Ibafo. Alága nu ojú. Ohùn rẹ̀ ti ń há. Ó ní ọ̀rọ̀ parí, kí Lukman ṣiṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo èèyàn mí kanlẹ̀, wọn ò rí ohun tí wọ́n á tún béèrè mọ́. Lukman gbé ọ̀bẹ sókè. Ó wo ewúrẹ́, ewúrẹ́ náà wò ó. Ni Lukman bá gbé ọ̀bẹ sẹ́yìn, ó ní, "Alága, ẹ má bínú o. Ẹ ò sọ bí wọ́n ṣe tọ́ yín dàgbà."

Ojú Alága mọ́lẹ̀ kedere. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè yìí rí.

"Inú ọlá ni wọ́n bí mi sí! Nílé wa ní Ìfọ̀, a kì í sin ẹran yẹpẹrẹ. Ewúrẹ́ kò wọ àgbàlá wa rí! Ìyá tó bí mi, kò mọ bí wọ́n ṣe ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀..."

"Ládé!"

Ohùn náà kò gba máìkì, ó sì borí máìkì. Màmá dúró lẹ́nu kánópì, ó ká ìró rẹ̀ sókè nítorí eruku, ó fi ọwọ́ kan gbá ìbàdí mú.

Ọmọ Yorùbá ni Ládélé, ẹ jẹ́ ká gba ìyẹn fún un. Ara rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ọpọlọ rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe. Agbádá tẹ́ sílẹ̀ lápá ọ̀tún, ó tẹ́ sílẹ̀ lápá òsì. Akọ tòlótòló tó tóbi jù níbẹ̀ wo ohun ńlá tó ń fẹ̀ bíi tirẹ̀ láti àárọ̀, tó wá ṣubú lójijì. Ó dá a lójú pé òun ló ṣẹ́gun. Ó bẹ́ gìjà, ó gorí ẹ̀yìn Alága, ó fẹ ìrù, ó sì ké sí gbogbo ayé.

Ibí gan-an ni mo ní kí ẹ gbé omi mì.

"Òpómúléró!" Ìníolúwa kígbe, torí ó ti mọ́ ọn lára. Kò sẹ́ni tó dáhùn àfi àwọn tòlótòló.

Màmá mú máìkì nílẹ̀. "Kín lo wí? Ta ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀?"

"Màmá, ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí n dìde."

"Dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mò ń sọ̀rọ̀. Àbí ìwọ nìkan ni wọ́n bí ọ̀rọ̀ gígùn fún?" Ó yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ni ìyá ẹ̀. Bàbá ẹ̀ kú, mi ò ní nǹkan kan àfi ewúrẹ́. Owó ìdánwò ẹ̀, ewúrẹ́ ni. Bàtà tó kọ́kọ́ wọ̀ lọ sÉkòó, ewúrẹ́ ni. Nígbà tó ń gbéyàwó, ewúrẹ́ mi ni mo fà lé àwọn àna lọ́wọ́, òun náà sì jẹ níbẹ̀, ó lá ọwọ́!"

Èrò ń mi orí. Tòlótòló pàápàá na ọrùn, ó ń gbọ́, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀.

"Wọ́n ní o sọ pé kódà kó jẹ́ ìyá ẹ ló ni ín. Ládé, èmi rèé. Èmi ni mo ni ín. Pa á."

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ níbi tó ti ní "pa á". Ìtìjú mú Ládélé, kì í ṣe irú èyí tí èrò ń kó báni, bí kò ṣe èyí tó ń ti inú jáde. Ẹrẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ìdí máńgòrò. Bó ṣe rí i nìyẹn, òun nìkan, torí òun nìkan ló wà nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ó ń bímọ!"

Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù tí Alága sọ láti ìgbà tó ti gorí àga nìyẹn, òun náà sì ni àkọ́kọ́ tó wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Rosemary sáré dé. Ó ní òun ń fẹ́ aṣọ, ó wò yíká, ó rí agbádá. Ó lé tòlótòló, ó bọ́ agbádá náà kúrò lọ́rùn onítọ̀hún níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ewúrẹ́. Lukman ju ọ̀bẹ sí kòtò, ó di orí ẹran mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń bẹ aya rẹ̀. Ọmọ kan bọ́. Òmíràn tún tẹ̀ lé e.

"Ìbejì! Ìbejì ni o!"

Ariwo sọ, orin ta. Àwọn tí ọ̀rọ̀ gígùn ti dá lágara tẹ́lẹ̀ ń fò sókè. Àlejò tí bàtà rẹ̀ ti wá rí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ ewúrẹ́ náà. Ó ní, "Ohun tí mo wá wò rèé. Ta ló tún ní nǹkan tó bá ilé ẹ̀ mu?" Mùízz sáré lọ fa ehoro jáde lábẹ́ ibùsùn. Rosemary ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì rìn jáde pẹ̀lú ìrìn tí kò pé yẹn, láyọ̀. Ìníolúwa wò wọ́n, ó wo Rosemary, ó sì yé e pé kì í ṣe ikọ́ ló ń wú.

Níbi tí ayọ̀ pọ̀ sí yìí ni ẹnì kan ti pariwo pé ìyá Hanifah làwọn fẹ́ ní alága. Ọwọ́ lọ sókè lábẹ́ gbogbo kánópì. Ìníolúwa wo ọwọ́ náà, ó yíjú sí Bàṣírátù kíá, ó sì la ẹnu.

"Òpómúléró Ìtẹ́lọ́rùn!"

"Akọ̀wé," Bàṣírátù ní, "jókòó, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ládélé ṣì wà nílẹ̀ pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò. Wọ́n ti yan alága mìíràn lórí rẹ̀, kò sì lè dìde kọ̀ ọ́, torí ìyá rẹ̀ kò tíì ní kó dìde. Nígbà tí Màmá nu ọwọ́ tán, ó wò ó.

"Dìde."

Ó dìde. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Màmá gbé àkọ́bí fún Bàṣírátù, bí àgbàsìn ṣe wí. Ó gbé èkejì, tó jẹ́ tirẹ̀, abo kékeré aláwọ̀ dúdú kan, ó sì gbé e lé ọmọ rẹ̀ láyà.

"Bó bá já lẹ́nu ọmú, ìwọ ni kó o bá mi sìn ín. Àkọ́bí ẹ̀ tìẹ, èkejì tèmi. Bó bá kú, wàá gbé òkú ẹ̀ wá sí Ìfọ̀ kí n fojú ara mi rí i. Ṣó yé ẹ?"

"Ó yé mi, Màmá."

"Ẹ̀ẹ̀n. Ọlọ́run á wò ó fún ẹ."

Àwọn akọ tòlótòló ńkọ́? Kérésì dé bá wọn, a ò sì gbúròó wọn mọ́ àfi nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ní Ìtẹ́lọ́rùn lónìí, pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ létí àbàtà, ehoro ń yínmú sí ẹni tó bá wù ú, ìpàdé alága tuntun sì máa ń parí kí ìkòkò tó hó.

Láràárọ̀, ẹ ó rí ọkùnrin kan tó gbé bàsíà lọ láti ilé dé ilé. "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ dákun, ṣé èèpo wà?" Wọ́n á dá a lóhùn, wọ́n á bu èèpo fún un, torí èèyàn tó ń tọrọ jẹ́jẹ́ kì í ṣòro ó fẹ́ràn. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Màmá á pè é láti Ìfọ̀. Kì í béèrè ara rẹ̀. "Ẹran mi ńkọ́?" ló máa ń wí. "Ó wà, Màmá," á dáhùn. "Ó ti ń ga."

Lọ́jọ́ kan tí èèpo kò tó, ọmọ ewúrẹ́ náà dúró síwájú ògiri ilé Ládélé, níbi tí pósítà kan ṣoṣo ṣẹ́ kù sí. Ó wo Ládélé, Ládélé wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí fìlà, bí ìyá rẹ̀ ṣe ṣe é. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ìsàlẹ̀ bébà náà sókè sí i lójú, kò jẹ́ kó ráyè jẹun dáadáa. Ládélé gbé bàsíà kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì bá a di etí bébà náà mú títí ó fi jẹ ẹ́ dé ẹnu àwòrán náà.